Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: Kí ẹbí tó tìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀mùtí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, níbi tí àwọn ẹbí ti ń sa gbogbo agbára wọn láti gba ọmọ, ọkọ tàbí bàbá wọn lọ́wọ́ ọtí àti oògùn olóró. Wọ́n á kó gbogbo ìgò dànù. Wọ́n á tìlẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún. Wọ́n á ní láti òní lọ, kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí pé wọ́n fẹ́ kí ènìyàn wọn sàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé, fún irú ọ̀mùtí kan, ọjọ́ tó ń mutí kọ́ ló léwu jù. Ọjọ́ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tó bá pa ọtí náà tì lójijì ni ikú ń ṣọ́ ọ.

Ẹni tó bá mọ òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì dáadáa yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkàgbọ́. Kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kún ní Ìyànà-Ìbà ni àwọn tó ń ta paraga ti gbé ìgò wọn kalẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn wà níbẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí wà níbẹ̀, ògógóró tí wọ́n fi rẹ egbò igi kò sì gbẹ́yìn. Ọtí inú ọ̀rá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èyí tí kò ju ìwọ̀n 30 mililítà lọ, tí ènìyàn lè kì bọ àpò bí ẹni kó súìtì. Awakọ̀ ń rà á, alábàárù tó ń gbé ẹrù ní ọjà Alábà ń rà á, bíríkìlà ń rà á, àwọn tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so táì mọ́ ọrùn náà ń rà á.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mu ife paraga kan ni ó ti di bárakú fún. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló wà tí wọn kò fẹnu kan ọtí rí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárọ̀ bí kò bá tíì mu nǹkan, tó jẹ́ pé ife àkọ́kọ́ ló ń mú ọwọ́ náà dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í mutí nítorí ìgbádùn mọ́. Ó ń mu ún kí ara rẹ̀ má baà dàrú ni.

Ìjọba ti ń bá ọtí inú ọ̀rá fa wàhálà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àjọ NAFDAC, iléeṣẹ́ ètò ìlera àti àwọn tó ń ṣe ọtí jọ fọwọ́ sí ìwé pé yóò kúrò lọ́jà nígbà tí yóò bá fi di oṣù Kìíní ọdún 2024. Nígbà tí àkókò náà pé, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tó ń ṣe é fárígá, àwọn òṣìṣẹ́ wọn tú jáde, ìjọba sì tún sún ọjọ́ náà síwájú. Gbogbo àríyànjiyàn yìí dá lórí títà àti rírà. Ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ ni ọkùnrin tó ti ń mu ọ̀rá mẹ́fà mẹ́fà láràárọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bí ọtí náà bá pòórá lọ́la, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i lọ́túnla?

Wọ́n ti rí ìdáhùn ìbéèrè yìí ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, ilé ọtí di títì ní ìpínlẹ̀ Kerala. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọ̀mùtí tí ara wọn ti dàrú bẹ̀rẹ̀ sí í kún ilé ìwòsàn, ìròyìn sì jáde pé àwọn kan pa ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní kí dókítà máa kọ ọtí sínú ìwé fún wọn bí ẹni kọ oògùn, kí ilé ẹjọ́ gíga tó dá a dúró nínú oṣù Kẹrin. Àwọn dókítà fúnra wọn takò ó, wọ́n ní ìtọ́jú ló yẹ wọ́n, kì í ṣe ọtí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi hàn pé ẹni tí ọtí ti di bárakú fún kò dà bí ẹni tó kàn fẹ́ràn ẹran tí wọ́n ní kó má jẹ ẹ́ mọ́.

Kí ló ń fà á? Ọtí a máa mú kí ọpọlọ falẹ̀. Bí ó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ọpọlọ náà yóò máa sáré sí i kí ó lè borí ohun tó ń fà á sẹ́yìn. Ó dà bí awakọ̀ tó tẹ bíréèkì, tó sì tún tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ náà lè dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń ké. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì lójijì tí ẹsẹ̀ kejì ṣì wà lórí tọ́tù, ọkọ̀ á ta síwájú, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí yóò kọlù. Ọtí ni bíréèkì yẹn.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní ọtí fúnra rẹ̀ ló ń fa gìrì àti ìrànrán, àwọn mìíràn ní àìjẹun ọ̀mùtí ló fà á. Ní ọdún 1955, Dókítà Harris Isbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Lexington l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde, irú èyí tí kò sí ẹni tí yóò gbà kí wọ́n ṣe lóde òní. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin kan ní ọtí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì fún wọn ní oúnjẹ tó dára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ọtí náà dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú àwọn tó mu ún pẹ́ jù lọ, gìrì mú àwọn kan, àwọn kan sì ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe hàn gbangba pé dídá a dúró lójijì ló ń fà á, kì í ṣe ebi.

Ohun tó yẹ kí ẹbí mọ̀ ni bí wàhálà náà ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Láti nǹkan bí wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ara á máa làágùn, àyà á máa lù kì-kì-kì, èébì á máa gbé onítọ̀hún, oorun kò ní kùn ún. Gìrì lè mú un nígbàkígbà láàárín wákàtí 6 sí 48, ìbáà jẹ́ ẹni tí gìrì kò mú rí láyé rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin ni èyí tó burú jù lè dé: ìrànrán. Ara á gbóná janjan, onítọ̀hún kò ní mọ ibi tó wà mọ́, á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, á máa rí eku àti èèrà lára ògiri. Ẹni tó bá bọ́ sí ipò yìí tí kò rí ìtọ́jú lè kú. Ẹni tó bá sì tètè rí ìtọ́jú, ó ṣọ̀wọ́n kó kú.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú nílé wa. Ẹ jẹ́ ká fi awakọ̀ kan ṣe àpèjúwe, ẹni ọdún 45, tó ń gbé ní Òkòkòmáíkò. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ lọ́jọ́ Àìkú nínú ìsọjí pé òun kò mutí mọ́. Ìyàwó rẹ̀ fò fáyọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún un ní àgbo. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gìrì mú un. Nígbà tí yóò fi di òru Ọjọ́rú, ó ń nàka sí ògiri, ó ní àwọn kan ń bọ̀ wá mú òun. Ta ni kò ní sọ pé ayé ti dé? Ta ni kò ní rántí ẹ̀gbọ́n bàbá tí wọ́n jọ ń jà sí ilẹ̀ lábúlé? Wọ́n á gbé e lọ sórí òkè, wọ́n á dè é mọ́ òpó, wọ́n á ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Omi tó yẹ kó mu, wọn kò fún un. Bí ó bá kú, wọ́n á ní àwọn ọ̀tá ló pa á.

Kò sí ẹni tó ní kí Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí má gbàdúrà. Ìpinnu láti jáwọ́ nínú ọtí nítorí Ọlọ́run, ìpinnu rere ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí pásítọ̀ àti ààfáà mọ̀ pé ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì àti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Ràmàdáánì jẹ́ àkókò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mùtí máa ń dá ọtí dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà ni ti ẹni tí ọlọ́pàá tì mọ́lé lọ́jọ́ Ẹtì tí kò ní rí ilé ẹjọ́ títí di ọjọ́ Ajé, àti ẹni tí ọkọ̀ gbá tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn nítorí ẹsẹ̀ tó kán. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tí orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ìbéèrè àkọ́kọ́ kò yẹ kó jẹ́ "ta ló ń bá a jà?" Ohun tó yẹ kí wọ́n bi ẹbí rẹ̀ ni pé, "ìgbà wo ló mutí kẹ́yìn?"

Ta wá ni ẹni tí kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró nílé láìrí dókítà? Àwọn oníṣègùn ní àmì tí wọ́n ń wò, àwọn àmì náà kò sì ṣòroó mọ̀.

Èkínní ni ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́, pàápàá ẹni tó gbọ́dọ̀ mu ún láàárọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Èkejì ni ẹni tí gìrì tàbí ìrànrán ti mú rí nígbà tó gbìyànjú láti fi ọtí sílẹ̀. Ìgbà mìíràn sábà máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń da ọtí pọ̀ mọ́ oògùn oorun. Ẹ̀kẹrin ni aláboyún, àgbàlagbà, àti ẹni tó ní wárápá, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀. Ẹ̀karùn-ún ni ẹni tó ń sọ pé ayé ti sú òun, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹfà ni ẹni tó ń dá gbé, tí kò sí ojú kankan tí yóò máa wò ó lóru.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀kan nínú àwọn àmì yìí, kí ó rí dókítà kí ó tó dáwọ́ dúró. Títí yóò fi rí dókítà náà, kò yẹ kí wọ́n já ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbólóhùn yìí lè ṣe àjèjì létí àwọn àgbà, ṣùgbọ́n bí ó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí kò sì ní ọ̀kankan nínú wọn, tó jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń bá ẹgbẹ́ mu ún, lè fi í sílẹ̀ nílé kí ó sì sùn re.

Ti oògùn olóró yàtọ̀ síra wọn. Ẹni tó bá fi igbó sílẹ̀ lè máa kanra, kí oorun má kùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n kò sábà mú ẹ̀mí lọ. Oògùn oorun bíi Valium, Lexotan àti Rohypnol ni ó dà bí ọtí gan-an. Ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tramadol, kódíìnì àti heroin máa ń jẹ́ kí egungun ro ènìyàn bí ibà tó le, imú á máa ṣomi, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á máa dà á láàmú. Ìyà náà pọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà pa ẹni tí ara rẹ̀ le, bí ó bá ti ń rí omi mu. Aláboyún ni kò gbọdọ̀ gbìyànjú rẹ̀ láìsí dókítà, torí oyún lè bàjẹ́. Ní ti oògùn tí wọ́n ń pè ní ice tàbí mkpuru mmiri, ìbànújẹ́ tó ń tẹ̀ lé e ni kí ẹbí ṣọ́ra fún, torí ó lè mú onítọ̀hún ronú láti pa ara rẹ̀.

Ewu kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé fún oṣù mẹ́ta kúrò nídìí heroin tàbí kódíìnì, ara rẹ̀ ti gbàgbé ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jáde, tí ọ̀rẹ́ fà á padà, tó sì lo ìwọ̀n àtijọ́ yẹn, èémí rẹ̀ lè dúró lọ́jọ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tí títì í mọ́lé lásán, láìsí ìtọ́jú tó tẹ̀ lé e, kò fi tó.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Ìwádìí tí àjọ UNODC àti àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé nínú ọdún tó ṣáájú ìwádìí náà, bí ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà, láìka ọtí àti sìgá. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó tó 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ti le sọ pé àwọn ń fẹ́ ìtọ́jú ṣùgbọ́n àwọn kò rí i. Ohun tí wọ́n ní ó dí àwọn lọ́wọ́ ni owó, ìtìjú àti àìsí ibi ìtọ́jú nítòsí.

Níbi tí ilé ìwòsàn kò bá sí, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló ń rọ́pò rẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 sílẹ̀ ní ilé kan ní Kàdúná. Àwọn kan nínú wọn wà nínú ẹ̀wọ̀n. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tún tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní Ojóò n'Ìbàdàn. Ilé ìtúnwàṣe ni wọ́n ń pe àwọn ibẹ̀. Ìròyìn ìgbà náà fi hàn pé àwọn ẹbí ló fi ọwọ́ ara wọn mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, àwọn kan nítorí oògùn olóró. Nínú oṣù Kọkànlá yẹn kan náà ni àjọ Human Rights Watch sọ pé àwọn ṣe àbẹ̀wò sí irú ibi bẹ́ẹ̀ 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá, wọ́n sì rí àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Kò sí òbí tó dédé fẹ́ kí wọ́n de ọmọ òun. Àìmọ ibòmíràn ló fà á.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtọ́jú náà kò ṣọ̀wọ́n. Diazepam, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Valium, ni dókítà sábà máa ń fi tọ́jú ẹni tó ń fi ọtí sílẹ̀. Ìwọ̀n tó pọ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa dín in kù lójoojúmọ́ títí nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje. Wọ́n á fún un ní fítámì B1 pẹ̀lú, torí ọtí ti jẹ ẹ́ tán lára rẹ̀, àìsí rẹ̀ sì lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sáré lọ ra Valium ní kẹ́mísì kí ó máa fún ọkọ rẹ̀ nílé. Bí oògùn yìí bá pàdé ọtí nínú ara, èémí lè dúró. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́n ló yẹ kó wọn ọ́n.

Ibo wá ni kí ará Ọ̀jọ́ àti Ìbà gbé ènìyàn wọn lọ? Èkó ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ògùn ní ti Àrò l'Abẹ́òkúta. Méjèèjì ló ń tọ́jú ẹni tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Òkòkòmáíkò lọ sí Yábàá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ ohun tí ojú ń rí. Ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ òpópónà Àgbádárìgì. Reluwé tó yẹ kó dé Òkòkòmáíkò, Máìlì 2 ni ó dé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹni tí gìrì ń mú kò lè dúró de súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Nítorí náà, kí ẹbí má rò pé Yábàá nìkan ni ibi tí wọ́n lè lọ. Gìrì, ìrànrán, ara gbígbóná, èébì tí kò dáwọ́ dúró tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ojú tó pọ́n bí ata-ilẹ̀, àyà dídùn, àti oorun tí wọ́n jí ènìyàn títí tí kò jí, ọ̀ràn pàjáwìrì ni gbogbo wọn. Ilé ìwòsàn yòówù tó bá sún mọ́ wọn jù, tó ní dókítà lóru, ni kí wọ́n gbé e lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìgándò, téèyàn lè gba ọ̀nà LASU láti Ìyànà-Ìbà dé, òmíràn sì wà ní Àgbádárìgì. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 àti 767. Àjọ NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 0800 1020 3040, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 2022 fún ẹni tó ń wá ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹni tí gìrì mú lélẹ̀. Kí wọ́n má ki ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀. Kí wọ́n má rọ epo tàbí àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́nà ọ̀fun. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣègùn n'Ìbàdàn ti ń kìlọ̀ pé àgbo yẹn ń pani. Kí wọ́n sì sọ òtítọ́ fún dókítà nípa ohun tó ń mu àti ìgbà tó mu ún kẹ́yìn. Ìtìjú kò ní jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ ohun tí yóò ṣe.

Apá tó kù dọ́wọ́ ìjọba. Ní ọdún 2010, àjọ WHO gbé ìwé ìlànà jáde fún dókítà àti nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ti ọpọlọ, ìtọ́jú ẹni tó ń fi ọtí sílẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí wàhálà náà ṣe le tó jẹ́ nǹkan mẹ́wàá péré: wọn á wo ọwọ́ bóyá ó ń gbọ̀n, wọn á wo òógùn, wọn á béèrè èébì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ti ìdàgbàsókè Ìbà lè kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọn, kí wọ́n ní diazepam àti fítámì B1 nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì ní ọkọ̀ tí yóò gbé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju agbára wọn lọ. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, láti fi rọ́pò òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀, èyí tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin tó wà l'Àbújá kò lè gba ẹni tó ń gìrì ní Ìbà sílẹ̀, bí kò bá sí bẹ́ẹ̀dì àti nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ nítòsí.

Àwọn kan á ní owó dà? Òótọ́ ni pé ilé ìwòsàn ń gba owó. Ṣùgbọ́n ẹbí tó lè dá owó jọ fún ìsìnkú lè dá owó jọ fún ọ̀sẹ̀ kan nílé ìwòsàn. Àwọn mìíràn á ní ọ̀mùtí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á, kí ó jìyà rẹ̀ kí ó lè kọ́gbọ́n. Òkú kì í kọ́gbọ́n. Àwọn mìíràn tún wà tó mọ ẹnì kan tó jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kò sì sí ohun tó ṣe é. Irú wọn pọ̀, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọdá títì márosẹ̀ láìwo ọ̀tún wo òsì, tí ọkọ̀ kò gbá, kò lè fi ìyẹn kọ́ ọmọ rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì gbà á sílé ìwòsàn tí ara rẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méje, iṣẹ́ kò tíì parí. Ọtí ti kúrò lára ni, kò tíì kúrò lọ́kàn. Ibẹ̀ gan-an ni àdúrà, ìmọ̀ràn, iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹbí tí kò bú ènìyàn ti wúlò jù. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là ná, kí wọ́n tó máa tún ìwà ṣe.

Àwọn àgbà ló ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹni tó bá ní ọ̀mùtí nílé, tó fẹ́ kó jáwọ́, kó má tìlẹ̀kùn mọ́ ọn lálẹ́ òní. Kó mú un lọ rí dókítà lọ́la.